Ẹ̀wù Rẹ́síìnì Alápò Márùn-ún

Nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, Bọ̀dá ni mo ń pe Gàníyù títí di òní. Ìyá rẹ̀ ni ìyáálé, ìyá tèmi ni ìyàwó kékeré. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú mi wá sáyé, ó sì dúró síwájú mi láti ìgbà náà bí ẹni tó gba iwájú nídìí ẹ̀rọ omi. Bí wọ́n bá ń pín ẹran, òun ló ń kọ́kọ́ mú. Bí wọ́n bá ń pín iṣẹ́, èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Mo ti wá di arúgbó ní Katy níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, nínú ilé ọmọ mi obìnrin tí koríko iwájú rẹ̀ gún régé ju irun orí mi lọ, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ orúkọ Gàníyù, nǹkan kan ṣì máa ń rìn mí láyà bí èèrà. Owú ni. N kò ní purọ́ nípa ìyẹn. Nípa àwọn nǹkan yòókù, ẹ jẹ́ ká máa wò ó bí a bá ṣe ń lọ.

Aránṣọ ni bàbá wa. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ló tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìbàdàn, tí gbogbo wọn bá sì ń ké pọ̀, ẹni tó ń kọjá lójú títì á rò pé yìnyín ló ń já lu páànù. Àwọn adìẹ ilé wa ti mọ ariwo náà mọ́ra débi pé lọ́sàn-án Jímọ̀ tí bàbá bá lọ kírun, tí ẹ̀rọ dákẹ́, wọn kì í yé ẹyin. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ lọ bi àwọn adìẹ. Òórùn èédú inú áyọ́ọ̀nù ló ń jí wa láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n so mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yọ lára rédíò tó bàjẹ́ mọ́ okùn, kí n máa wọ́ ọ kiri ilẹ̀ bí ẹni ń fa ewúrẹ́, kí abẹ́rẹ́ àti píìnì tó bọ́ sílẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ ti Gàníyù ni kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, kó máa di téèpù mú. Ní ti ìdáná, ìyá mi ló ń gún, òun ló ń lọ̀, òun ló ń kó iná; ìyá Gàníyù ló ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹ̀kọ tútù àti ọ̀ọ̀lẹ̀ la sábà ń jẹ, èmi a sì máa fi ojú wọn ọ̀ọ̀lẹ̀ Gàníyù bóyá ó ga ju tèmi lọ. Ìyá mi á ní, "Múfú, òjòwú kò lẹ́ran láyà. Jẹ ẹ̀kọ rẹ." Mo ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ojú mi kì í kúrò lára ewé tiẹ̀.

Ọdún tí mò ń wí yìí ni sinimá tuntun dé. Ṣáájú ìgbà náà, òyìnbó ẹlẹ́ṣin tó ń yìnbọn ni wọ́n ń fi hàn wá, àti àwọn ará Íńdíà tó ń fi orin yí igi po. Àfi lọ́jọ́ kan tí ilé sinimá tí Kòráà kan, oníṣòwò ará Lẹ́bánónì, dá sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà lẹ àwòrán tuntun mọ́ ògiri: ọkùnrin adúláwọ̀ kan, ó ga bí òpó iná, irun rẹ̀ kún débi pé ẹ̀gà mẹ́ta lè pa ìtẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n má pàdé ara wọn, ẹ̀wù awọ dúdú balẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ará Amẹ́ríkà ni, òun sì ni ọ̀gá inú eré, kì í ṣe ẹni tó ń gbé ẹrù tẹ̀ lé òyìnbó. Ọmọ-ọmọ mi Àríkẹ́, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa sinimá ní yunifásítì níbí, ló sọ fún mi pé irú sinimá bẹ́ẹ̀ ní orúkọ: blaxploitation. Orúkọ náà gùn ju ìgbà tí wọ́n fi ṣe é lọ. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ sinimá ńláńlá ti ń kú lọ nígbà yẹn, àga wọn ṣófo, àwọn òyìnbó ti kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, àwọn adúláwọ̀ ló kù láàárín ìgboro níbi tí ilé sinimá wà. Adúláwọ̀ kan tàbí méjì wá fi owó tí wọ́n ṣa jọ ṣe eré tiwọn, èrò wọ́ tìrítìrí lọ wò ó, làwọn ilé iṣẹ́ ńlá bá rí i pé ẹran wà lára egungun yìí, ni wọ́n bá ń ṣe irú rẹ̀ bí ẹni ń dín àkàrà. Àwọn aṣíwájú adúláwọ̀ ló fún un lórúkọ burúkú yẹn. Wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ náà ń fi ọmọ àwọn jẹun, wọ́n ń fi wọ́n han ayé bí olóògùn olóró àti alágbàtà aṣẹ́wó. Mo bi Àríkẹ́ pé, "Ṣé sinimá náà dára ni àbí kò dára?" Ó ní, "Grandpa, it's complicated." Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń lò níbí nígbà tí ẹnu bá wúwo.

Àwa tí a wà ní Ìbàdàn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń jà nítorí rẹ̀. Ohun tí a rí ni pé láàárín oṣù kan, gbogbo ọ̀dọ́kùnrin ìlú ga sókè. Wọ́n wọ bàtà gàrántì tó ga bí àpótí ìjókòó, wọ́n wọ ṣòkòtò bóńgò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ lè gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìmú ìgbálẹ̀, wọ́n sì ń rọ́ wá bá bàbá wa. "Bàbá, bí ti ọkùnrin inú sinimá yẹn ni mo fẹ́ o." Bàbá mi kò sì jẹ́ wọ ilé sinimá láéláé. Ó ní ẹni tó bá lọ jókòó sínú òkùnkùn lọ́sàn-án gangan, bí wọ́n ṣe ń sùn sí sàréè ló ń fi kọ́ra. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí oníbàárà lọ bá aránṣọ mìíràn. Nítorí náà, ó pinnu pé òun yóò máa rán ọmọ kan lọ wo sinimá ní ọ̀sán Sátidé, ọmọ náà yóò wo aṣọ, yóò padà wálé, yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì yà á sórí sìmẹ́ńtì kí bàbá tó gé ohunkóhun.

Ó dán wa wò, èmi àti Gàníyù. Ó jẹ́ kí ọkùnrin kan kọjá níwájú ilé, ó wá bi wá pé kí la rí. Gàníyù ní, "Bọ́tìnnì mẹ́fà ni, Bàbá. Ìkẹta kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó kù, òwú dúdú ni wọ́n fi ràn án." Bàbá yí sí mi. Mo ní, "Ọkùnrin yẹn àti ìyàwó rẹ̀ ti jà láàárọ̀ yìí. Ìyàwó náà ló borí." Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ lé orí Gàníyù, ó ní, "Ìwọ ni ojú mi." Mo rántí ọwọ́ yẹn dáadáa. Ìka rẹ̀ le bí ìwo nítorí abẹ́rẹ́. Orí Gàníyù ló gbé e lé, kò gbé e lé tèmi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Gàníyù á wẹ̀ ní Sátidé, á fi òróró para, á lọ. Èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú mágínẹ́ẹ̀tì mi. Bó bá ń bọ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀; ńṣe ló ń gbé orí bọ̀ bí ẹni ru omi tó kún dé etí, títí wọn yóò fi fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Á kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, á fa ìlà, á yí kọ́là, á ya àpò onígun mẹ́rin tí igun rẹ̀ mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Àwọn ará àdúgbò á pé jọ máa wò ó bí ẹni ń wo iṣẹ́ ìyanu. Bàbá á máa mi orí. Èmi á fà á lápá tí wọ́n bá tú ká, "Bọ̀dá Gàní, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀? Ta ló pa ta?" Yóò ní, "Kọ́là ẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́." Mo ní, "Mi ò bi yín ní kọ́là." Yóò ní, "Sípì wà ní ẹ̀gbẹ́ bàtà ẹ̀." Mo gbà pé ó ń fi ìtàn náà pamọ́ fún mi ni, bí ẹni ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ẹ̀bà. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìtàn tèmi sílẹ̀. Mo ń jókòó ti àwọn ọmọdé ilé kejì, mo ń ròyìn sinimá tí n kò wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí, wọ́n sì ń fún mi lẹ́pà. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin ẹlẹ́wù awọ náà fi irun orí rẹ̀ gba ọta ìbọn méje, ó gbọ̀n wọ́n dànù, ó ní kí wọ́n tún un yìn. Ẹ̀pà dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀pà tó ń wo owú sàn.

Akọ̀wé báńkì kan ló mú ọ̀rọ̀ wá. Súlè ni wọ́n ń pè é, ó gbé irun bí agbọ̀n, ó sì fẹ́ ẹ̀wù awọ ọkùnrin inú sinimá gan-an, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ fi ara han àwọn òbí ọmọbìnrin kan. Awọ tòótọ́ kò sí ní ọjà tí apá wa ká, bàbá sì ra rẹ́síìnì, èyí tí wọ́n fi ń bo àga ìjókòó. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló ṣẹ́ abẹ́rẹ́ lórí rẹ̀ kí ó tó gbà kí wọ́n rán òun. Ní Sátidé, Gàníyù lọ wo ẹ̀wù náà, ó padà wá, ó yà á: àpò mẹ́rin níwájú, ẹ̀yìn tí ó tẹ́ lọ gbọrọ, ẹnu ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n là sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìnkùlé lọ ṣe àlùwàlá. Bàbá ti wà lórí ẹní. Èmi nìkan ni mo kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì náà. Mo fẹ́ parọ́ fún yín pé èṣù ló ti ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi ni mo tẹ̀ ba, tí mo yan ibi tó tẹ́ jù láàárín ẹ̀yìn ẹ̀wù náà, láàárín èjìká méjèèjì, tí mo ya àpò karùn-ún síbẹ̀.

Bàbá gé e bó ṣe wà nílẹ̀. Kò bi Gàníyù léèrè, nítorí kì í bi ojú ara rẹ̀ léèrè. Ẹ̀wù náà pé, wọ́n sì gbá sìmẹ́ńtì mọ́. Súlè wá, ó wọ̀ ọ́, ó wo iwájú nínú dígí, ó gbé àyà sókè. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti wo sinimá yìí. Àpò wo rèé?" Bàbá ní ó wà nínú rẹ̀. Súlè na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbìyànjú láti ki í bọ àpò náà, ó yí, ó tún yí bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá dúró. Obìnrin kan ní, "Bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọmọ sí nílùú wọn." Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, àfi bàbá. N kò tíì rí bàbá mi kó di kékeré bẹ́ẹ̀ rí. Ó pe Gàníyù, ó ní, "Ṣé ohun tí o rí nìyí?" Gàníyù wo ẹ̀wù náà. Ó wo ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo mọ òwe náà, mo sì jẹ́ kó dákẹ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi ni wọ́n fi òróró pa lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé sinimá náà fún yín. Ìjókòó pákó ni, ooru inú rẹ̀ lè se ẹyin. Kí sinimá kan tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kọ́kọ́ la gbogbo ayé já, wọ́n ti gé e, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ti họ bí orí ológbò tó jà; bí ọkùnrin kan bá gbẹ́sẹ̀ láti wọlé ní Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì la máa tún ti rí i. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò jọ Gẹ̀ẹ́sì tíṣà wa. Nítorí náà, ọkùnrin kan wà ní ìlà iwájú tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ògbufọ̀, ó ń tú u sí Yorùbá, wọ́n sì ń fi ẹ̀pà san án lẹ́san. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "come" àti "go" lọ. Ọlọ́pàá òyìnbó sọ̀rọ̀ gígùn kan, Ògbufọ̀ ní, "Ó ní kó gbà." Ọkùnrin ẹlẹ́wù dúdú náà sọ̀rọ̀ tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ògbufọ̀ ní, "Ó ní òun ò gbà." Gbogbo ilé sinimá dìde. Títí tí eré fi parí, kò túmọ̀ ju gbólóhùn méjì yẹn lọ, kò sì sí ẹni tí kò lóye. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó fa ìbọn kékeré yọ nínú irun orí rẹ̀. Mo fi Kùránì búra, ìyẹn kì í ṣe irọ́ mi. Ìlù àti jìtá ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà bí ó ti ń rìn, bíi pé ojú títì fúnra rẹ̀ ló ń yìn ín. Mo sunkún. Ọmọ kékeré ni mo jẹ́, n kò mọ ìdí tí mo fi ń sunkún. Lónìí mo rò pé nítorí pé kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni.

Mo sáré délé. Bàbá na ṣọ́ọ̀kì sí mi, ó ní, "Ó dáa. Kọ́là rẹ̀ ńkọ́?" Kọ́là. Ọlọ́run, n kò rí kọ́là kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ó ṣe ní òun ò gbà, mo sọ ti obìnrin oníbọn, mo fò, mo ṣubú, mo dìde. Bàbá dúró dè mí títí mo fi parí. Ó ní, "Mo gbọ́. Ya ẹ̀wù náà." Mo kúnlẹ̀, mo ya nǹkan kan tó dà bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, mo sì fi àpò méjì sí i. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo àpò náà pẹ́. Ìdí àpò tèmi rí roboto bí ìdí ìkòkò. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya igun. Ó ní, "Àpò yìí, mo ti rí i rí." Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Ó dìde, ó gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́. "N kò ní nà ọ́, Múfú. N kò sì ní bá ọ sọ ọ́ fún un. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá lọ sọ fún Gàní pé ìwọ lo ṣe é, àti pé mo mọ̀." Mo ní, "Lọ́la, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní, "Ọ̀la náà dára." Kò tún bi mí mọ́ títí tó fi kú.

Nígbà tí wọ́n ní kí Gàníyù padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ̀. Ó ní òun kò lọ sinimá mọ́, òun kò di téèpù mú mọ́. Kí ọdún náà tó parí, ó ti lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, kò sì sí ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ bàbá mọ́. Àwọn ará Ṣáínà oníjà kọ̀ǹfú ti gba ara ògiri Kòráà nígbà náà, irun rogodo ti lọ, wọ́n ti ń gé ẹnu ṣòkòtò bóńgò kù. Àṣà sinimá yẹn kan wá, ó kan lọ. Lójoojúmọ́ tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún Gàníyù, mo máa ń rí i pé ìyá rẹ̀ ti fún un ní ẹran tó tóbi ju tèmi lọ, mo sì ń sún un sí ọ̀la. Ọ̀la náà gbé mi dé Amẹ́ríkà.

Ní oṣù tó kọjá ni Àríkẹ́ gbé mi gba freeway, ọ̀nà márosẹ̀ tiwọn, lọ sí yunifásítì rẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ọ̀kan nínú àwọn sinimá ọjọ́ náà hàn, kí àwọn àgbà tó wò ó nígbà èwe sì wá sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà adúláwọ̀ kan jókòó tì mí, ọmọ Houston ni, Leroy lorúkọ rẹ̀, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan. Ó ní pásítọ̀ àwọn wàásù lòdì sí sinimá náà láàárọ̀ Sọ́ńdè, àwọn sì jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ tò sórí ìlà láti wò ó. Ó ní àwọn mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń kó èrè lọ, àti pé adúláwọ̀ rere kì í pọ̀ níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n wọn kì í pa ọ̀gá eré náà lópin," ó ní. "Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eré tí wọn ò pa á lópin." Àríkẹ́ ní orin àwọn sinimá náà ṣì wà nínú orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n gé e wẹ́wẹ́ tún un rán, àti pé obìnrin tó ń jà nínú sinimá lónìí, ọmọ-ọmọ obìnrin oníbọn yẹn ni. Mo gbọ́, mo mi orí. Ìgbà tí Leroy wá ní òun wà nínú ọ̀kan, pé òun sáré kọjá lẹ́yìn ọ̀gá eré nígbà tí wọ́n ń yà á, ẹ̀yìn òun hàn fún ìṣẹ́jú ààyá méjì, ni èèrà àyà mi jí. Gbogbo àwọn ọmọ yunifásítì yí sí i, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Lójú ògiri ní àkókò náà gan-an, ọkùnrin ẹlẹ́wù dúdú náà jáde. Mo ní, "Ṣé ẹ rí ẹ̀wù yẹn? Bàbá mi ló rán an ní Ìbàdàn." Wọ́n yí sí mi. Mo fi kún un pé ọkọ̀ òfúrufú ló wá gbé e. Àríkẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fojú sí ẹ̀wù ọ̀hún dáadáa, ọkùnrin náà sì yí ẹ̀yìn padà: àpò mẹ́rin níwájú, ẹ̀yìn tó tẹ́ lọ gbọrọ, ẹnu ìlà kan ṣoṣo ní ìdí. Bí Gàníyù ṣe yà á. Kò fi òwú kan kún un, kò yọ òwú kan.

Àríkẹ́ fẹ́ fi irọ́ mi sínú iṣẹ́ tó máa fún olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà ní kò lè wọ inú iṣẹ́ náà bí kò bá sí ẹlẹ́rìí kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó mu tíì mi tán, ó ti pe Gàníyù lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Ojú Gàníyù yọ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ìyẹ̀fun pákó wà létí fìlà rẹ̀. Àríkẹ́ ní, "Ẹ káàsán, Grandpa Gàní. Ẹ jọ̀ọ́, sinimá tí ẹ wò nígbà tí ẹ kéré, what was it about?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ̀ o. Bọ́tìnnì ni mo ń kà. Gbogbo èèyàn ń pariwo, èmi ń ka bọ́tìnnì. Múfú ni kí o bi ní ìtàn." Mo gbé ife tíì mi sílẹ̀. Ọdún gbogbo tí mo fi pè é ní ahun. Àríkẹ́ wá béèrè bóyá bàbá wọn ló rán ẹ̀wù inú sinimá. Gàníyù fi ọwọ́ nu ojú fóònù rẹ̀. Ó ní, "Bàbá rán ọ̀kan. Kò dára. Ojú mi ló ṣìnà."

Ó ti pé àádọ́ta ọdún tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Àríkẹ́. Mo ní, "Bọ̀dá Gàní, ojú yín ò ṣìnà. Èmi ni mo ya àpò karùn-ún." Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn." Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ?" Ó ní, "Tí mo bá sọ, nínà ni wọn yóò nà ọ́. Ìyá rẹ ń ṣàìsàn nígbà náà. Mo rò pé Bàbá á mọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí kò mọ̀, mo ní ó dáa, mo kó pákó." Mo ní, "Bàbá mọ̀." Ó sún mọ́ fóònù. Mo ní, "Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni ó ti mọ̀, Bọ̀dá. Ó rí àpò tí mo yà. Ó rán mi sí yín kí n sọ fún yín pé òun mọ̀. Mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà." Gàníyù yọ fìlà rẹ̀. Ó gbé fóònù sórí nǹkan kan, a ń wo páànù ilé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a ń gbọ́ tó ń fun imú. Àríkẹ́ ń pa irọ́ mi rẹ́ nínú ìwé rẹ̀, kò gbójú sókè.

Ìgbà tó padà, ó ní, "Múfú, tún un sọ." Mo ní, "Pé Bàbá mọ̀." Ó ní, "Dúró." Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá láti ilé ìdáná, ó ní kí n sọ ọ́ fún un. Mo sọ ọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀ àgbà, ó pe ọmọ iṣẹ́ tó ń fá pákó, ó pe alágbàṣe kan tí kò mọ̀ wá rí tó wá gba ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn ni mo sọ ọ́ fún, ọ̀rọ̀ kan náà, n kò fi ìrù sí i, n kò fi ìyẹ́ sí i: bàbá mi mọ̀ pé ojú Gàníyù kò ṣìnà. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ojú ọkùnrin arúgbó náà ń mọ́lẹ̀ sí i lórí fóònù, títí ó fi dà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ lé lórí. Mo jókòó ní Katy, mo ń wò ó, tíì mi ti tutù, mo sì tún jowú rẹ̀.